Àlàfo Tí Wọ́n Ní Kí Ẹ Fi Sílẹ̀: Kí Ni Iṣẹ́ Àwọn ‘Town Planning’ l'Ékòó Gan-an?

Bí ọkọ̀ ìjọba bá dúró ní àdúgbò kan ní Mùṣín tàbí Ṣómólú, tí ènìyàn méjì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù àti fáìlì lábẹ́ abíyá, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi pariwo pé, "Town Planning ti dé o!" Bíríkìlà á ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, làńlọ́ọ̀dù á máa wá fóònù kiri. Ọ̀dà pupa ló wà lọ́kàn oníkálukú, àti àmì X gàgàrà tí wọ́n ń kọ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ X yẹn kì í sábà jẹ́ aṣètò ìlú, ìyẹn ‘town planner’ gan-an. Ó yẹ kí iṣẹ́ aṣètò ìlú ti parí lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àlàfo ni wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa ṣọ́: àyè tó wà láàárín ilé sí ilé, èjìká kànáàlì, ẹ̀bá ọ̀nà, irà tí omi òjò ń dúró sí. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sí nǹkan kan tí ojú máa rí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń bínú sí iṣẹ́ náà ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Odindi pulọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120, tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń kọ ní mítà 18 ní 36. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 648 mítà onígun mẹ́rin. Ká ní ilé gbígbé lẹ fẹ́ kọ́, tí wọ́n sì ní kí ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, 3 lápá ọ̀tún, 3 lápá òsì, 3 lẹ́yìn. Ìbú tó kù fún ilé jẹ́ 12, òró rẹ̀ jẹ́ 27. Ẹ fi 12 sọ 27 di púpọ̀, ẹ máa rí 324. Ìdajì géérégé! Ibẹ̀ ni onílé ti ń sọ pé, "Mo fowó mi ra ilẹ̀, ìjọba wá gba ìdajì." Kò sẹ́ni tó gbà á. Ẹ lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, ẹ lè gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ẹ lè gbẹ́ sọ́kà-wéè síbẹ̀. Ilé nìkan ni ẹ kò lè kọ́ síbẹ̀.

Kí wá ni àwọn mítà yìí ń ṣe? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gùn tó mítà 4 àti ààbọ̀ sí 5. Bí mítà 6 bá wà níwájú ilé, ọkọ̀ á sùn nínú ọgbà. Bí kò bá sí, títì ló máa sùn, ọkọ̀ panápaná kò sì ní rí ọ̀nà gbà lóru. Ti ẹ̀gbẹ́ ilé ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń jí jù. Mítà 3 tiyín àti mítà 3 aládùúgbò yín jọ di 6. Afẹ́fẹ́ á rí ààyè wọ yàrá, àkàbà á ṣeé gbé dúró, iná tó bá sọ nílé kan á pẹ́ díẹ̀ kó tó mú èkejì. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi mítà 1 sílẹ̀, mítà 2 péré ló kù láàárín fèrèsé sí fèrèsé, ibẹ̀ náà sì ni jẹnẹrétọ̀ méjèèjì á wà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò mọ ilé olówó rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó sùn sí ilé kejì ló máa ń fà á símú, òórùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan tí á fi jí i.

Ẹ wá wo àbọ̀ pulọ́ọ̀tì, tó jẹ́ pé òun ni agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn ká báyìí. Bí wọ́n bá gé e ní ìbú, mítà 18 ní 18 ni. Ẹ yọ 6 àti 3 kúrò nínú òró, ó ku 9. Ẹ yọ 3 àti 3 kúrò nínú ìbú, ó ku 12. Ilé á gba 108 nínú 324, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìyẹn ṣì ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ta á bá là á ní òró, tó di mítà 9 ní 36, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á jẹ 6, ìbú ilé á ku mítà 3. Yàrá kan ṣoṣo, gígùn bí ọkọ̀ ojú irin. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ irú rẹ̀, nítorí náà onílé á na ògiri rẹ̀ dé orí fẹ́ǹsì, wọ́n á sì ní ó rú òfin. Lóòótọ́ ó rú u, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ti là ilẹ̀ yẹn ni àbùkù ti wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí aṣètò ìlú fi ń tẹnu mọ́ ètò pípín ilẹ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi ojú ọ̀nà, gọ́tà, ilé ìwé àti pulọ́ọ̀tì hàn kí ẹnikẹ́ni tó ta ẹsẹ̀ bàtà kan. Nígbà tí ẹbí bá ti ta ilẹ̀ tán tí wọn kò yọ ọ̀nà, kò sí ọ̀dà pupa tó lè dá ọ̀nà sílẹ̀ láì wó ilé ẹnì kan.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ náà, kó wọ Èbúté Mẹ́ta kó tó lọ sí Mùṣín. Èbúté Mẹ́ta ní òpópónà gbọọrọgbọọrọ tó ń gé ara wọn bí ilà inú ìwé ìṣirò. Ibẹ̀ ni Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ti fún àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867 nílẹ̀, wọ́n sì ti fa ojú ọ̀nà kí ilé tó kún. Ní Mùṣín, ilé ló ṣáájú, ọ̀nà ló wá ń wá ibi tó máa gbà.

Omi ló kàn. Òjò milimítà 1 tó bá rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin 1, lítà 1 gan-an ni. Òjò tó rọ̀ ní milimítà 50, tí kì í ṣe ohun àjèjì l'Ékòó ní oṣù kẹfà, á da lítà 32,400 sórí pulọ́ọ̀tì 648 yẹn. Ẹ ro táńkì oníke dúdú onílítà 1,000, méjìlélọ́gbọ̀n nínú wọn, tí ẹ ṣí ẹnu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí yẹ̀pẹ̀ àti koríko bá wà, ilẹ̀ á mu lára rẹ̀, èyí tó kù á máa ṣàn jẹ́jẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti da kọnkéré láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló máa gba abẹ́ géètì jáde sí gọ́tà láàárín wákàtí kan. Àdúgbò onípulọ́ọ̀tì 40 á tú lítà 1,296,000 jáde, bíi tánkà onílítà 10,000 mọ́kàndínláàádóje àti àbọ̀. Gọ́tà tí wọ́n ṣe nígbà tí ìdajì àdúgbò ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ kò lè gbé e, kódà bí kò bá sí ọ̀rá kan ṣoṣo nínú rẹ̀. A kò gbèjà ẹni tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ló ń fa omíyalé.

Ní Erékùṣù Èkó, wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀. Omi ọ̀sà ń kún, ó ń fà, nítorí òkun ló ń tì í. Nígbà tó bá kún, ẹnu àwọn gọ́tà ńlá tó já sínú ọ̀sà á wà lábẹ́ omi, omi òjò kò ní rí ibi já sí, á sì padà sẹ́yìn. Bí òjò ńlá bá pàdé ìkún ọ̀sà ní ọ̀sán kan náà, Ìdúmọ̀tà á kún kódà bí wọ́n ti kó gọ́tà ní àná. Ohun tí wọ́n nílò ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni ibi tí omi lè dúró sí títí ọ̀sà á fi fà. Iṣẹ́ irà nìyẹn. Irà tí àwọn ènìyàn ń wò bí ilẹ̀ tó ń ṣòfò, táńkì ni. Ẹni tó bá da iyanrìn kún un, ó ti gbé omi inú rẹ̀ fún aládùúgbò, kò sì ní kí wọ́n mọ̀.

Iṣẹ́ yìí kò dédé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ó sì ń padà wá fún ọdún bíi mélòó kan. Àwọn wolé-wolé ń wọ agboolé kiri, wọ́n ń wo ibi tí eku ń gbé àti bí yàrá ṣe há tó. Ní 1928, ìjọba àwọn òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB (Lagos Executive Development Board) láti tún ìlú tò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wolé-wolé àti aṣètò ìlú ti hàn láti ìgbà náà. Wolé-wolé ń bi yín bóyá inú ilé mọ́. Aṣètò ìlú ń béèrè ìdí tí ilé fi sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè mọ́.

Ìgbìmọ̀ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù ní 1955, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Súrùlérè ní ọ̀nà, ó ní omi, yàrá rẹ̀ fẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Owó ọkọ̀ wọ ìgbésí ayé ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Ẹbí tó ń jẹun nínú ìkòkò kan di onílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àlàfo tí wọ́n fi èèyàn san owó rẹ̀ ni èyí, kò sì yẹ kí aṣètò ìlú kankan tó ń ka ìwé ètò rẹ̀ lónìí gbàgbé rẹ̀. LEDB fúnra rẹ̀ wọ inú LSDPC, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń kọ́lé, ní 1972. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí àtúnṣe àwọn àdúgbò tó ti há ni LASURA. Ohun tó sì yẹ ká máa bi wọ́n ní gbogbo ìgbà ni bóyá wọ́n lè la ọ̀nà, gbé gọ́tà wọlé, kí wọ́n sì fi àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣòro ju wíwó lọ. Ó gba kíka ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá Baálẹ̀ àti ìyálọ́jà jókòó, kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ onílé yàtọ̀ sí ayálégbé.

Àwọn wo ló ń ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ ìjọba? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ìlú ní yunifásítì tàbí pólì: ó wà ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, ó wà ní Yaba Tech. Lẹ́yìn agùnbánirọ̀, ẹni tó ní dìgírì sábà máa ń wọ iṣẹ́ ìjọba ní ìpele 08. Òfin tó dá TOPREC, ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn aṣètò ìlú ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1988 ló fún ìgbìmọ̀ yẹn lágbára láti forúkọ aṣètò ìlú sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ kò lè fi èdìdì ti ìwé ètò. Tí ẹ bá rí ‘Tpl.’ níwájú orúkọ ẹnì kan, òun nìyẹn. Òkè àkàsọ̀ náà ni olùdarí ní ìpele 16 tàbí 17. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọmọ ọdún 60, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni wọ́n á fẹ̀yìn tì.

Ọ̀dọ́ tó rò pé àwòrán ni òun á máa yà láti àárọ̀ dé alẹ́ á ṣì í. Fáìlì ló pọ̀ jù. Ẹnì kan fẹ́ sọ ilé onífúláàtì 6 di ilé ìwé. Aṣètò ìlú á ṣírò ọkọ̀ tó máa já ọmọ sílẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, àyè ọkọ̀ kan tó jẹ́ mítà 2.5 ní 5, ọ̀nà mítà 6 tí ọkọ̀ nílò láti yí padà, ariwo ìsinmi ọ̀sán, àti bóyá sọ́kà-wéè tó ń gba ìgbẹ́ ìdílé 6 lè gba ti ọmọ 200. Àwọn onímọ̀ ìlera àyíká a máa ní kí mítà 30 wà láàárín sọ́kà-wéè àti kànga tàbí bóhóòlù. Ẹ rántí pé gbogbo pulọ́ọ̀tì wa kò ju mítà 36 lọ ní gígùn. Ẹ lè jìnnà sí sọ́kà-wéè tiyín, kí ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ti aládùúgbò. Nọ́ńbà yẹn nìkan ti tó láti fi yé ni pé ìlú tí olúkúlùkù ń gbẹ́ bóhóòlù àti sọ́kà-wéè tirẹ̀ kò lè lọ jìnnà. Omi ẹ̀rọ àti páìpù ìgbẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo àdúgbò ni ọ̀nà àbáyọ, àwọn yẹn náà sì nílò àlàfo lábẹ́ ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023 láti Màrínà sí Máìlì 2, kìlómítà 13. Red Line tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá 2024, láti Àgbàdo sí Oyíǹgbò, kìlómítà 27. Ẹni tó ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á rin mítà 800 ní ìṣẹ́jú 10, nítorí náà aṣètò ìlú máa ń fa òbírí mítà 800 yí ibùdó ká. Inú òbírí yẹn tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2. Níbẹ̀ ló yẹ kí ilé alájà púpọ̀ wà, kí ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì wà, kí ènìyàn lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ nílé. Lórí ìwé, ó dùn. Lórí ilẹ̀, àdúgbò kan ti fi géètì dí ojú ọ̀nà nítorí olè, òmíràn kò ní ìjáde lẹ́yìn, ẹlẹ́ran ti gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí ènìyàn máa rìn. Mítà 800 tó wà lójú máàpù á di kìlómítà kan àti ààbọ̀ lẹ́sẹ̀, obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n á sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bílíọ̀nù náírà ti wọ ojú irin, ọ̀nà ẹsẹ̀ kékeré kan tí wọ́n dí ló ń jẹ́ kó ṣòfò. Bí wọ́n bá ní kí a mú iṣẹ́ kan tí aṣètò ìlú lè ṣe pẹ̀lú owó díẹ̀ tó máa yí Èkó padà, a ò ní mú afárá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dé ibùdó là á mú.

Ó wá ku ìwé, tó jẹ́ pé òun ló ń da orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. C of O kì í ṣe àṣẹ ìkọ́lé. C of O, tó jáde látinú òfin ilẹ̀ 1978, ń sọ pé ìjọba gbà pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ fún ọdún 99. Ìwé awọnlẹ̀ ń sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà àti bó ṣe tóbi tó. Àwòrán akitẹ́ẹ̀tì ń sọ ohun tó wù yín. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé nìkan ló ń sọ pé ẹ lè kọ́ ohun tó wù yín yẹn sórí ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ yẹn. Àwọn ènìyàn ń ní mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á wá máa ké pé ìwé àwọn pé.

Lábẹ́ òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010, ilé iṣẹ́ ìjọba méjì ló pín iṣẹ́ yìí. LASPPPA ló ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé. Àwọn aṣètò ìlú ló pọ̀ níbẹ̀. LASBCA ló ń tẹ̀lé ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, òun ló sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé ilé ti parí, ó yẹ fún gbígbé. Ìwé ìkìlọ̀, ìwé ẹ dáwọ́ dúró, dídí ilé pa àti X tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ọ̀dọ̀ LASBCA ni wọ́n ti sábà ń wá. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, ọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ kejì yìí ló gbé jáde: ohun tí wọ́n kọ́ àti ohun tó wà nínú ìwé. Bí X bá sì wà lára ògiri yín, ẹ wá ìwé tó bá a dé, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ àti ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí i. Òfin fàyè sílẹ̀ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tó bá fi ọ̀dà funfun kun X náà mọ́lẹ̀ ti sọ àkókò ẹjọ́ nù.

Ti ìjọba àpapọ̀ tún wà níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 2003 pé ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ọ̀nà ojú omi inú orílẹ̀-èdè, bí ọ̀sà àti odò, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Fún ẹni tó ń ra ilẹ̀ létí ọ̀sà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ́fíìsì méjì ló máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, rìsíìtì ọ̀kan kò sì ní dí èkejì lẹ́nu.

Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ rárá, ẹ mú ìwé awọnlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, ní Alausa kí wọ́n gbé nọ́ńbà rẹ̀ lé máàpù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ kan, bóyá ọ̀nà tàbí kànáàlì máa kọjá níbẹ̀. Ẹ wá lọ bi ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yẹn ohun tí wọ́n yan àdúgbò náà fún: gbígbé, ìṣòwò, àbí kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì kò gba ju owó wíwádìí lọ, ó sì kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ilẹ̀ ń jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tiyín, ìwé awọnlẹ̀, àwòrán akitẹ́ẹ̀tì tó forúkọ sílẹ̀, àwòrán àti ìṣirò ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀, ti iná àti omi, àti ìwé owó orí. Ilé tó ga tàbí tó wà lórí irà á nílò àyẹ̀wò ilẹ̀. Ohun ńlá bíi ilé epo tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ á nílò ìwé àtúpalẹ̀ tí aṣètò ìlú tó ní èdìdì kọ. Ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ṣírò owó rẹ̀ lórí bí ilé ṣe tóbi, ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún àti ibi tó wà, ẹ ó sì san án sí àpò ìjọba tó ń já rìsíìtì, kì í ṣe sí àpò ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gba àṣẹ, tí ẹ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọdún 2, ẹ ní láti tún un ṣe. Fẹ́ǹsì náà ń gba àṣẹ, èyí sì ni àwọn ènìyàn kì í gbà gbọ́.

Ibi tí fáìlì máa ń há sí kò pọ̀. Àwòrán tí akitẹ́ẹ̀tì ṣe fún ilẹ̀ mìíràn, tó kàn yí orúkọ padà, á fi ilé gùn ju pulọ́ọ̀tì lọ. Ìwé awọnlẹ̀ tí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ ní Alausa kò ṣeé gbé lé nǹkan kan. Ilẹ̀ tí wọ́n ti yàn fún gbígbé, tí ẹ wá kọ ‘ṣọ́ọ̀bù’ sórí rẹ̀. Ní èyí tó kù, onílé ni kì í lọ wo ibi tí fáìlì rẹ̀ dé.

Ìwé ti jáde, ẹ ti sọ fún LASBCA pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá ní ìpele ìpele: nígbà tí ìpìlẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, nígbà tí ẹ bá fẹ́ da dẹ́kìnì, títí dé òrùlé. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ má jẹ́ kó fò yín. Ilẹ̀ ti gbẹ́, irin ti wà nínú rẹ̀, kọnkéré kò tíì wọlé. Òṣìṣẹ́ á wá òkúta awọnlẹ̀ tó wà ní igun ilẹ̀, èyí tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, wọ́n á na okùn láti orí rẹ̀ dé òkúta kejì, ìyẹn ni ààlà. Láti orí okùn yẹn ni wọ́n á ti fa tẹ́ẹ̀pù dé etí ihò, kì í ṣe láti ara fẹ́ǹsì, nítorí fẹ́ǹsì lè ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò. Kí ẹ rántí pé ògiri kì í dúró sí etí ihò. Àárín ihò ló ń dúró sí, nítorí náà ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 67 lè sún mọ́ ààlà ju mítà 3 lọ díẹ̀, kí ògiri sì ṣì pé. Ẹni tó bá ń bá òṣìṣẹ́ jà nítorí etí ihò, kó sọ fún un kó wọn ojú ògiri. Ṣùgbọ́n bí ojú ògiri bá ka 2.4 dípò 3, ọjọ́ yẹn lẹ ó tún un ṣe: ṣọ́bìrì méjì, òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ìdajì ọjọ́, irin tí ẹ máa tún dè. Lẹ́yìn tí kọnkéré bá wọlé, bíríkìlà á máa béèrè owó ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn dẹ́kìnì, ẹnjiníà ló máa sọ iye rẹ̀, kò sì ní fi ẹnu sọ ọ́. Á kọ ọ́ sínú ìwé.